Ìkéde Ẹlẹ́ẹ̀kẹta

Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ́ràn ẹnì kan rí títí ìfẹ́ náà fi di iṣẹ́ òòjọ́, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ìtàn yìí kì í ṣe ti àwọn tí ojú wọn ṣì ń dán. Ti Yéwándé ni, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, tó fẹ́ràn ọkùnrin kan ṣoṣo fún ọdún mẹ́fà. Ìfẹ́ náà kò tán, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́ dé eegun.

Òwú, síìpù àti bọ́tìnì ló ń tà ní Apọ́ngbọ̀n. Nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni Ọláníyì ti bá a. Ó wá ra bọ́tìnì funfun mẹ́fà fún aṣọ akọrin rẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ. Lọ́jọ́ kejì ó padà wá ra méjì. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta tó tún wá béèrè ẹyọ kan, Yéwándé bi í pé irú aṣọ wo nìyẹn tó ń jẹ bọ́tìnì bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ èèpo iṣu.

"Aṣọ ti pé láti ọjọ́sí," ni Ọláníyì wí. "Èmi ni mi ò tíì pé."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í kọjá lára ọmọbìnrin lásán. Ọkùnrin náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù ló ń tún ṣe káàkiri àwọn ọ́fíìsì Erékùṣù, bó bá sì ti parí iṣẹ́, á gba Apọ́ngbọ̀n kọjá, á bá Yéwándé gbé àga wọlé, á bá a fa páànù ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Oṣù mẹ́ta kọjá kí Yéwándé tó bi í pé ṣọ́ọ̀ṣì wo ló ń lọ. Ó ní Ṣọ́ọ̀ṣì Ìrètí ni, ní Olówógbowó, àti pé bàbá òun ni akọ̀wé ìjọ níbẹ̀ látìgbà tí òun ti gbọ́njú.

Sísọ́ọ̀sì tó wà lọ́wọ́ Yéwándé dúró láàárín aṣọ. Lọ́jọ́ náà, agogo mẹ́rin ò tíì lù tó fi ti ṣọ́ọ̀bù.

Ohun tó fà á nìyí. Ìyá Yéwándé kò wáyé ní Onígbàgbọ́. Àdíját ni wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ, nínú agbo ilé àwọn Mùsùlùmí tó ti pẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Nígbà tó fẹ́ bàbá Yéwándé, ó tẹ̀ lé e lọ sí Ṣọ́ọ̀ṣì Ìrètí, ó ṣe ìrìbọmi níbẹ̀, ó ṣe ìgbéyàwó níbẹ̀, ó sì di ìyá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì níbẹ̀. Kò sí ẹni tó bá a jà nílé. Àwọn ará ilé rẹ̀ ní bí ọkọ rẹ̀ bá ti ń ṣe é dáadáa, Ọlọ́run kan náà ni.

Lẹ́yìn náà ni ìjà àlùfáà dé. Àwọn kan nínú ìjọ ní kí àlùfáà ìgbà náà máa lọ, àwọn kan ní kó dúró. Bí eré bí eré, ìjọ fọ́ sí méjì. Bàbá Yéwándé wà lára àwọn tó bá àlùfáà jáde, wọ́n sì dá ìjọ tiwọn sílẹ̀ lójú pópó kejì, wọ́n pè é ní Ìrètí Tòótọ́. Bí orúkọ yẹn ṣe ń gún àwọn ti ọ̀hún lára, ẹ fọkàn yàwòrán rẹ̀.

Kò pé oṣù kan tí ìyá Yéwándé fi kú. Kó tó kú, ohun kan ló tọrọ: kí wọ́n gbé òun gba inú ṣọ́ọ̀ṣì tí òun ti ṣe ìgbéyàwó kọjá, kí wọ́n tó gbé òun lọ sí itẹ́ òkú. Nígbà tí wọ́n gbé pósí dé ẹnu géètì Ìrètí, géètì wà ní títì. Bàbá Ọláníyì dúró sí ẹ̀yìn irin, ó ní ìgbìmọ̀ ìjọ ti fa igi lé orúkọ òkú nínú ìwé, àti pé àṣẹ ni òun ń tẹ̀ lé. Àárín títì ni wọ́n ti ka ìsìn, nínú oòrùn ọ̀sán, tí àwọn ọlọ́jà ń yà fún pósí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Yéwándé lọ́jọ́ náà. Kò gbàgbé ojú ọkùnrin náà.

Ojú kan náà sì ni Ọláníyì gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí kò fura títí ó fi gbọ́ orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì náà. Bó bá kọjú sí i, ti ara rẹ̀ ni. Bó bá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, iwájú orí bàbá rẹ̀ ni.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé etí àwọn òbí, bàbá Yéwándé kò pariwo. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó ní òun ò ní nǹkan kan sí ọmọkùnrin náà. Ó ní òun ti dárí ji bàbá rẹ̀ tipẹ́, Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí òun. Kí òun má ṣáà ti rí i lójú. Ṣùgbọ́n kí òun tó fún wọn lọ́mọ, kí ọkùnrin náà wá fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe.

Àǹtí Àlímọ̀t ni alárenà. Àbúrò ìyá Yéwándé ni, ó ń ta ẹní ìkírun àti tẹ̀sùbáà, ẹnu rẹ̀ kì í sì í gbé ọ̀rọ̀ pamọ́. Òun ló gbé iṣẹ́ náà lọ sí Olówógbowó. Bàbá Ọláníyì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó fún un ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ó sì ní òun ò rí ohun tí òun fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún. Ìgbìmọ̀ ló pàṣẹ. Ẹni tó jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Àǹtí Àlímọ̀t gbé ìyẹn padà wá. Bàbá Yéwándé ní kó padà lọ sọ fún un pé òun ń dúró.

Báyìí ni wọ́n ṣe fi ọdún kìíní ṣòfò. Ní ọdún kejì, orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dun Àǹtí Àlímọ̀t, ó sì ní ọ̀nà Olówógbowó ló fà á. Ní ọdún kẹta ó jókòó sílẹ̀ láàárín pálọ̀, ó bọ́ ìborùn rẹ̀, ó sì bá ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń pè é, ẹ̀gbọ́n, láti ọjọ́ tí arábìnrin rẹ̀ ti kó délé rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, àwa tá a bí Àdíját, a jẹ́ kó lọ. Ẹ̀yin tó wá bá, ẹ ò jẹ́ kó wọlé. Èmi ló yẹ kí n máa bínú. Ṣùgbọ́n èmi náà ni mò ń rìn láàárín yín bí lẹ́tà. Ìdáríjì tiẹ̀yin Onígbàgbọ́ yìí, ẹ wé e dáadáa, ẹ dè é dáadáa, ẹ ò wá jẹ́ kí ẹni tẹ́ ẹ fún fọwọ́ kàn án."

Bàbá Yéwándé rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Àwọn ọ̀rẹ́ Yéwándé ń lọ sílé ọkọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òun ló ń ta síìpù aṣọ ìyàwó wọn. Á wọn òwú fún aránṣọ, á ní kí ó kí ìyàwó fún òun, á wá padà jókòó. Nígbà mìíràn á máa rò ó pé bóyá kì í ṣe Ọláníyì lòun fẹ́ mọ́, pé bóyá òun kàn fẹ́ borí àwọn bàbá méjèèjì ni. Lẹ́yìn náà Ọláníyì á dé, òórùn epo ẹ̀rọ á wà lára rẹ̀, á mú ẹ̀pà sísun jáde nínú àpò, á pín in sí méjì, á fún un ní èyí tó pọ̀ jù. Ọkàn rẹ̀ á sì tún padà sípò.

Ní ọdún karùn-ún Ọláníyì ní kí àwọn lọ sí kóòtù, kí àwọn fọwọ́ síwèé, kí gbogbo rẹ̀ tán. Yéwándé ronú sí i fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó ní rárá. Ó ní ìyá òun fi ilé sílẹ̀ nítorí ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, wọ́n sì fi í sílẹ̀ sójú títì. Òun fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé síbẹ̀, lójú gbogbo wọn, kí òun sì jókòó.

"Bí wọn ò bá wá gbà ńkọ́?" ni Ọláníyì bi í.

"Kí wọ́n sọ ọ́ sí mi lójú, kí n lè sinmi."

Yéwándé gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀, láìsí alárenà. Bàbá náà wò ó títí. Yéwándé ló ń jẹ́, wọ́n ní ìyá bàbá náà ló padà wáyé, nítorí náà kì í pè é ní ohun mìíràn ju Ìyá mi. Ó ní, "Ìyá mi, mi ò ní dí ẹ lọ́wọ́. Mi ò sì ní bá ẹ débẹ̀."

Yéwándé gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó bá ti rẹ ènìyàn, ààbọ̀ oore náà oore ni.

Wọ́n kọ orúkọ sílẹ̀ ní Ìrètí. Gẹ́gẹ́ bí òfin ìjọ náà, wọn kì í so ẹnikẹ́ni pọ̀ láìkéde rẹ̀ ní ọjọ́ ìsinmi mẹ́ta, kí wọ́n sì bi ìjọ léèrè bóyá ẹnì kan mọ ìdí tí kò fi yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan bá dìde, ìkéde dúró nìyẹn títí wọ́n á fi yanjú rẹ̀, wọ́n á sì tún ìkéde tó dúró náà kà. Àwọn àgbà ìjọ sọ pé láyé àwọn, wọn ò rí ẹni tó dìde rí.

Ìkéde àkọ́kọ́ kọjá. Yéwándé jókòó ní ẹ̀yìn, ó ń ka àwọn àwo fèrèsé. Ìkéde kejì kọjá. Ní ọjọ́ ìsinmi kẹta, Ọláníyì wà láàárín àwọn akọrin, bàbá rẹ̀ wà ní àga iwájú tí wọ́n fi sílẹ̀ fún akọ̀wé. Àlùfáà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì pé ọdún kan níbẹ̀, ka orúkọ àwọn méjèèjì, ó ní ìgbà kẹta nìyí tí òun ń béèrè: bí ẹnikẹ́ni bá mọ ìdí kan, kó sọ ọ́.

Bàbá Ọláníyì dìde.

Ó di ọ̀pá rẹ̀ mú. Àwọn tó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ dúró. Àlùfáà bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ṣé bàbá ń tako ìgbéyàwó ọmọ tó bí ni.

"Ara mi ni mò ń tako," ni bàbá náà wí. "Mo ti bá ìjọ yìí béèrè ìbéèrè yẹn fún ọgbọ̀n ọdún, èmi ni mò ń kọ ọ́ sínú ìwé fún àwọn àlùfáà. Mo ní ìdí kan. Nígbà tí wọ́n gbé ìyá ọmọ yìí dé géètì wa, ìgbìmọ̀ kò pàṣẹ pé kí n tì í. Wọ́n ní kí wọ́n gbé e wọlé. Èmi ni wọ́n rán, èmi ni mi ò jẹ́ iṣẹ́ náà. Ọ̀rẹ́ mi látìgbà èwe fi ìjọ sílẹ̀, kò kí mi pé ó dìgbà. Inú bí mi, mo sì fi òkú ìyàwó rẹ̀ gbẹ̀san. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi parọ́ mọ́ àwọn ìgbìmọ̀ tó ti kú. Ọmọ yìí á máa gbé oúnjẹ fún mi. Mi ò lè fi irọ́ síkùn kí n tún jẹ ẹ́ lé e."

Ó jókòó. Àlùfáà ṣí ìwé, ó pa á dé, ó tún ṣí i. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe ẹni tó tako ara rẹ̀. Níkẹyìn ó wò yíká títí ojú rẹ̀ fi bá Yéwándé, ó ní nígbà tí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ wà níhìn-ín, bóyá ó ní ọ̀rọ̀ láti sọ.

Yéwándé dìde. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti ń kó jọ láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, kò rí ẹyọ kan mú.

"Ẹ má bínú," ló wí. "Ó rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ n máa lọ sílé."

Ọláníyì sá bá a níta pẹ̀lú aṣọ akọrin lọ́rùn. Ó ní òun ò mọ̀. Ó ní bí ó bá ní kí àwọn fi mọ síbẹ̀, òun ò ní bá a jà. Yéwándé wò ó, iwájú orí bàbá rẹ̀ náà ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú òógùn.

"Níyì," ló wí, "bá mi wá omi tútù mu."

Ó sáré lọ rà á. Yéwándé mu ún tán lórí ìdúró, ó sì ń lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó.

Bàbá rẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń gé èékánná. Àǹtí Àlímọ̀t wà ní ilé ìdáná. Yéwándé sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń retí kí bàbá rẹ̀ fò sókè, tàbí kó sunkún. Bàbá náà ń gé èékánná rẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé e.

"Dádì, ẹ mọ̀."

"Mo mọ̀. Kó tó di ogójì ọjọ́ ìyá ẹ ni ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ ti wá sọ fún mi."

"Ẹ ò sì sọ."

"Mo fẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ni. Ẹ̀ṣẹ̀ tá a bá bá ẹlẹ́ṣẹ̀ jẹ́wọ́, ọrùn ẹ̀ ló ṣì wà."

Yéwándé jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì ń dúró de ara yín. Lórí mi ni ẹ jókòó sí. Ọdún mẹ́fà, Dádì. Mo ń darúgbó lọ nísàlẹ̀ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó wolẹ̀ nínú yín."

Bàbá náà gbé abẹ èékánná sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó ká aṣọ rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì níwájú ọmọ rẹ̀. Yéwándé fò dìde, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ìyá mi lò ń jẹ́," ni bàbá náà wí láti ilẹ̀. "Ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ta ló máa bú u? Mo ṣẹ̀ ẹ́. Mo ní mo ti dárí jì í, irọ́ ni. Ìbínú náà ni mo fi ń tọ́jú ara mi."

Àǹtí Àlímọ̀t ti jáde, ó di ṣíbí mú. Ó wo ọkùnrin àgbà náà nílẹ̀, omi lé ròrò sí i lójú, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò gbà fún un.

"Ó ti tó, ẹ̀gbọ́n. Ẹ dìde, kí ìgbáròkó má lọ gan mọ́ yín lára. Èmi ni wọ́n máa tún rán lọ pe oníṣègùn."

Yéwándé fa bàbá rẹ̀ dìde. Kò sọ pé òun ti dárí jì í. Ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀ fún un, ó ní kó wá jẹun.

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ yẹn, ní ọ̀sán gangan, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó rìn lọ sí Olówógbowó fúnra rẹ̀. Bàbá Ọláníyì nìkan ló wà nílé. Yéwándé kúnlẹ̀ kí i, ó jókòó sí òdìkejì rẹ̀. Ó rí i pé bàbá náà gbá ọ̀pá rẹ̀ mọ́ra, àti pé ẹ̀rù òun ló ń bà á. Kò dùn mọ́ ọn bó ṣe rò pé yóò dùn mọ́ òun.

"Bàbá," ló wí, "mo wá dárí jì yín. Ṣùgbọ́n mo ti wá inú mi títí, mi ò rí èyí tó tó ti gbogbo ayé. Ti òní nìkan ni mo rí."

Bàbá náà gbé ojú sókè. "Lọ́la ńkọ́?"

"Lọ́la, màá tún wá inú mi wò."

"Oúnjẹ òòjọ́ náà ṣáà ni wọ́n ní ká máa tọrọ," ni bàbá àgbà náà wí. "Mo gbà á, ọmọ mi. Mo gba ti òní."

Ó tún padà lọ ní Ọjọ́bọ̀. Ti Ọjọ́bọ̀ kéré sí ti àná, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ọjọ́ Ẹtì kò lọ rárá. Ó pè é lórí fóònù ní Sátidé, ó ní òun ti rí ti ọjọ́ méjèèjì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi, ó ń wé gèlè rẹ̀ nígbà tí bàbá rẹ̀ yọjú láti yàrá, ó ti wọ kóòtù dúdú, ó ń wá táì. Kò wo ojú rẹ̀.

"Aago mélòó ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún báyìí?"

"Mẹ́sàn-án, Dádì."

"Wọ́n ti mú un yá nìyẹn. Mẹ́wàá ni tẹ́lẹ̀."

Àwọn méjèèjì jọ wọlé. Ariwo kékeré kan gba inú ṣọ́ọ̀ṣì bí atẹ́gùn, ó sì rọlẹ̀. Bàbá Ọláníyì rí wọn. Kò dìde, kò na ọwọ́. Ó kàn sún sí ẹ̀gbẹ́ lórí àga gígùn náà, ó fi àyè ènìyàn kan sílẹ̀. Bàbá Yéwándé dúró pẹ́ láàárín ọ̀nà kó tó lọ jókòó síbẹ̀. Èjìká wọn kò kan ara wọn. Wọn ò kí ara wọn. Nígbà tí wọ́n dá orin, ìwé orin kan ṣoṣo ló wà níwájú wọn, ojú àwọn méjèèjì sì ti di bàìbàì. Ni wọ́n bá gbé e jìnnà sí ojú, wọ́n jọ ń wá ẹsẹ kejì.

Àlùfáà kéde. Ó ka orúkọ àwọn méjèèjì, ó ní ìgbà kẹta nìyí, ó sì béèrè ìbéèrè rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí kò gbé ojú kúrò nínú ìwé, bí ẹni tó ń bẹ Ọlọ́run.

Láti orí àga iwájú, bàbá Yéwándé húkọ́.

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì yíjú. Ọwọ́ àlùfáà dúró lójú afẹ́fẹ́. Láàárín àwọn akọrin, Ọláníyì pa ojú dé. Bàbá náà wò yíká, ó rí ohun tí gbogbo wọn ń rò, ó sì ju ọwọ́ pẹ̀lú àárẹ̀.

"Àlùfáà, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Ikọ́ ni."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà àwọn púpọ̀. Àlùfáà ní a ti kéde rẹ̀ tán, ó pa ìwé dé. Yéwándé kò rẹ́rìn-ín, kò sì sunkún. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ lábẹ́ àga, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì sórí ilẹ̀ tútù ṣọ́ọ̀ṣì náà, ó sì fẹ̀yìn tì.